Ta Ló Pa Àkèré Bàbá Máfọwọ́kàn-án?

Ohun tó ń bí ọkùnrin yìí nínú kò lóǹkà. Bí oníbàárà bá fi ìka tọ́ gíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán, ó bí i nínú. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé òun ti fi okùn wọn fèrèsé òun nílé, ó bí i nínú, torí okùn máa ń fà, gíláàsì kì í fà. Bí òjò rọ̀, inú ń bí i. Bí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, inú ń bí i sí eruku. "Má fọwọ́ kàn án!" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀, kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn pé ó káàárọ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Máfọwọ́kàn-án nìyẹn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

N kò ní parọ́ mọ́ ọn o, ó mọ iṣẹ́. Ogójì ọdún ló ti ń gé gíláàsì nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé òkè, ayálégbé márùn-ún sì yí àgbàlá ká nísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn ìta kan ló lọ láti àgbàlá sókè, ohun tí wọ́n bá sì sọ lórí àtẹ̀gùn yẹn, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Bí ọkùnrin yìí bá fi dáyámọ́ǹdì fa ilà sójú gíláàsì, tó gbá a pẹ́, ibi tó fà náà ni yóò ti kán, kì í yẹ̀. Ó wá rò pé bí òun kì í ti í ṣìṣe lórí gíláàsì, bẹ́ẹ̀ náà ni òun kì í ṣìṣe lórí ohunkóhun. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wá.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru kọjá bó ṣe yẹ. "Bàbá, ẹ wá nǹkan kan tẹ́ ẹ ó máa jókòó wò, tí kò ní bí yín nínú." Inú bí i sí dókítà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko, Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, wá ní kó bá òun kan àpótí gíláàsì ńlá kan. Nígbà tó gbé e délé Tíṣà, tó rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe, ẹnu yà á. Nínú àpótí àtijọ́ kan tó wà níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀, èédú wà lórí òkúta, iyẹ̀pẹ̀ dúdú wà lórí èédú. Kùkùté igi kan tó lọ́ mọ́ra dúró láàárín, wọ́n sì fi òwú so òdòdó ọ́kíìdì mọ́ ọn, òdòdó tí kì í fẹ́ ilẹ̀, tó jẹ́ ara igi ló ń lẹ̀ mọ́, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń rọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Láàárín ewé rẹ̀ ni àwọn àkèré kéékèèké wà, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ọkùnrin tí kì í rójú jókòó jókòó síbẹ̀ títí tíì tí wọ́n gbé fún un fi tutù.

Kí oṣù tó parí, ó ti kan tirẹ̀ sí pálọ̀: àkèré mẹ́fà, ọ́kíìdì mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ ká ọwọ́ lérí.

"Ẹ wá wo ayé mi! Ọkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fẹ́ ìyàwó kejì, tèmi lọ kó ọ̀pọ̀lọ́ wálé."

"Kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́. Àkèré ni."

"Bó bá ti ń fò tí kò níyẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀lọ́ ni lójú tèmi."

Nígbà tó tún rí ìgò tí ọkọ rẹ̀ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹrà sí, kí kantíkantí lè máa pọ̀ níbẹ̀ fún àwọn àkèré láti jẹ, ó ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ó ní gbogbo ayé ń lé kantíkantí, ọkọ òun ń sìn ín bí ẹni ń sin adìyẹ.

Ṣùgbọ́n òfin àpótí náà le. Omi ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró ọjọ́ méjì nínú garawa láìbò, kí kẹ́míkà inú rẹ̀ lè fò lọ. Ọ́kíìdì tuntun gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ogójì ọjọ́, kí wọ́n máa fi omi ṣàn án, torí àwọn tó ń tà á máa ń fọ́n oògùn kòkòrò sí i, awọ àkèré sì ń mu ohun gbogbo bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bọ́ sínú tíì. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọ́n oògùn ẹ̀fọn lókè mọ́. Abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni tọkọtaya ń sùn. "Ohun tó bá máa wọ inú àpótí yìí," ó máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í, "ọwọ́ mi ló máa gbà wọlé." Lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́, á jókòó síwájú rẹ̀, àwọn àkèré á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ṣín-ín, ṣín-ín, bí ẹni ń fi ṣíbí kékeré kan ife. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Àwọn ayálégbé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àkèré.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, onídìrí ni. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mò ń bọ̀ wá sọ yìí, ọmọ náà pè é lórí fóònù láàárọ̀, kò lè pe ọ̀rọ̀ já geere, torí eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán. Ọkọ rẹ̀ ló lù ú. Bàbá Máfọwọ́kàn-án kò dúró wọ bàtà. Ọkọ̀ ìkẹ́rù rẹ̀ ló gbé, gíláàsì oníbàárà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi okùn dè, ó wà á wọ inú ọgbà àna rẹ̀. "Má fọwọ́ kàn án! Bí o bá tún fọwọ́ kàn án láyé ẹ, gíláàsì ni màá fi kọ ọ́ nílà!" Ó di ẹrù ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e jókòó síwájú ọkọ̀, ó di ilé. Nínú gbogbo ìbínú tó ti bí láyé rẹ̀, ìyẹn nìkan ló wúlò.

Lójú ọ̀nà ni ọmọ náà bẹ̀ ẹ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ káwọn ará ilé mọ̀. Ẹ ní mo wá tọ́jú Màmá ni."

"Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ," ni bàbá rẹ̀ wí.

Ó rí iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan lópòópónà kejì. Ohun tí bàbá rẹ̀ kìlọ̀ fún un kò ju ọ̀kan lọ: kò gbọ́dọ̀ ṣí sípíréè irun nínú ilé. Ọmọ ní òun gbọ́. Láàárín ìgbà yẹn, igun kan lára àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í sun omi. Bàbá kó àwọn àkèré sínú ike, ó ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, ó mú túùbù gọ́ọ̀mù kan lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi lẹ igun náà, ó dúró ọjọ́ mẹ́ta kó gbẹ, ó dá wọn padà. Iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́ ni, ta ló tún fẹ́ kọ́ ọ?

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó rí àkèré méjì tí wọ́n ń gun ara gíláàsì ní ọ̀sán gangan, tí wọ́n ń já bọ́, tí wọ́n tún ń gùn. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán, ọmọdé mọ ìyẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó bá ọ̀kan tó ti kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọnrangandan. Ó pààrọ̀ omi. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, méjì tún lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé fi mọ́, ẹyọ kan ló kù, ìyẹn náà sì káwọ́ jọ sábẹ́ ewé bí ẹni òtútù mú. Ọkùnrin yìí kò sunkún rí lójú ìyàwó rẹ̀, àfi ọjọ́ yẹn. Nígbà tó nu ojú tán, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, ó ń wá ẹni tó máa bí sí.

Báàgì ọmọ rẹ̀ wà lórí àga. Ó gbóòórùn sípíréè lára rẹ̀. Ó tú báàgì náà, agolo sípíréè wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ó gbé e, ó jáde sórí àtẹ̀gùn. Sátidé ni, gbogbo ayálégbé wà nínú àgbàlá, wọ́n ń fọṣọ. Ọmọ rẹ̀ ń gbé omi gòkè bọ̀.

"Kí lo fọ́n?"

"Bàbá, fọ́n bí i ti báwo?"

"Mo ní kí lo fọ́n nínú ilé mi! Imú mi ò tíì kú!"

"Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń lò ó. Mi ò ṣí i rí nínú ilé yìí. Ẹ ní kí n má ṣí i, mi ò sì ṣí i."

"Irọ́! O ti pa wọ́n tán! Ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kí n mí, o ti pa á!"

"Bàbá, mi ò pa nǹkan kan. Ẹ rọra, àwọn ènìyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n wò! Àbí ohun tí o ń ṣe nílé ọkọ nìyẹn tó fi lé ẹ jáde? Obìnrin tí ọkọ lé, mo gbà á sílé, ó wá ń pa mí lẹ́ran ọ̀sìn!"

Háà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó ń ta gíláàsì ni èèyàn máa kọ́ ní ìyẹn? Obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ pa omi. Ọmọ náà gbé garawa omi kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kò da ẹ̀kán kan sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, níbi tí eyín rẹ̀ ti kán, ó wọlé, ó mú báàgì kan, ó sọ̀ kalẹ̀ kọjá níwájú gbogbo wọn, ó lọ.

Ìyá rẹ̀, tó ń bá àwọn ayálégbé fọṣọ nísàlẹ̀, gòkè tòun ti fóòmù ọṣẹ lọ́wọ́. Ìyàwó tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣàwàdà kò ṣàwàdà rárá. "Ta ló lé e? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ lọ mú un wá! Ẹsẹ̀ lásán lẹ fi lọ!" Láti ọjọ́ yẹn, á gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí i, á lọ. Ìbínú tirẹ̀ kò ké bí ti ọkọ, ṣùgbọ́n ó dún ju ariwo lọ.

Ẹ ò ní gbàgbọ́, inú ṣì ń bí ọkùnrin yìí. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun jàre. Lọ́jọ́ Ajé, ó ránṣẹ́ pe Tíṣà kó wá jẹ́rìí pé sípíréè ló pa wọ́n. Tíṣà wá, ó tẹ̀ ba, ó wo inú àpótí pẹ́.

"Bàbá, kí ló wọ inú àpótí yìí láàárín oṣù kan sí àsìkò yìí?"

"Kò sí. Ohun tó bá wọ ibẹ̀, ọwọ́ mi ló gbà."

Tíṣà fi ìka tọ́ igun kan. Gọ́ọ̀mù ibẹ̀ funfun ju ti àwọn igun yòókù lọ. "Èwo lẹ fi lẹ ibí yìí?"

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lọ mú túùbù náà, ó gbé e fún un bí ẹni gbé ìwé ẹ̀rí. Tíṣà wò ó, ó dá a padà fún un. "Ẹ kà á, Bàbá."

Ó na ọwọ́ gígùn kó tó lè rí i kà. Àwòrán balùwẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé oògùn wà nínú gọ́ọ̀mù náà, tí kì í jẹ́ kí nǹkan dúdú hù sí kọ̀rọ̀ ògiri. Ohun tó bá ń pa ohun tó ń hù sí ògiri, kí ni kò ní ṣe fún àkèré tí awọ rẹ̀ ń mu ohun gbogbo? Ó sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ gan-an nìyẹn, ó mọ̀! Òun ló jókòó nílé Tíṣà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tó ń ṣàlàyé pé gọ́ọ̀mù ju gọ́ọ̀mù lọ, pé ti balùwẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ohun ẹlẹ́mìí. Èyí tó tọ́ ló tán lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ bá èyí tó wà nítòsí, kò sì kà á, torí ta ni ogójì ọdún iṣẹ́ tún ń ní kó kàwé ara túùbù?

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi," ni Tíṣà wí jẹ́jẹ́.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó sọ túùbù náà mọ́ ògiri. Ó bú ẹni tó ṣe é, ó bú ẹni tó tà á fún un, ó bú àwọn tó ń kọ lẹ́tà wínníwínní sára nǹkan. Nígbà tó bú gbogbo wọn tán, ó ku ẹyọ ẹnìkan tí kò tíì bú. Tíṣà kó àkèré tó kù sínú ike, ó gbé e lọ sílé ara rẹ̀, bóyá yóò yè.

Bí Tíṣà ṣe jáde ni ìyàwó rẹ̀ la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ mẹ́ta. "Ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa, torí mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ ọmọ yín ti ń pè é. Sátidé ni ọmọ yín ń bọ̀ wá kó ìyókù ẹrù rẹ̀, ilé ọkọ náà ló sì ń kó o lọ. Ó ní ó sàn kí ẹni tí kò bí òun máa lu òun, ju kí ẹni tó bí òun máa fi òun ṣẹ̀sín lójú ayé lọ."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá lọ síbi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Òun ló gé gbogbo dígí tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, ojú rẹ̀ sì ń wò ó láti ọ̀nà mẹ́fà. Kò rò pé òun ti gbó tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń dirun oníbàárà kan, kò dáwọ́ dúró.

Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gọ́ọ̀mù ni. Èmi ni mo lò ó."

"Màmá ti sọ fún mi. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá."

"Jẹ́ ká máa lọlé."

"Bàbá, ohùn yín kéré lónìí. Ṣé báyìí lẹ ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé?" Ó mú ìyàrun, ó ya irun oníbàárà náà tààrà. "Ibi tẹ́ ẹ ti sọ tọ̀hún, ẹ lọ sọ eléyìí náà níbẹ̀."

"Kí èmi, ní ọjọ́ orí mi, lọ dúró máa ka ẹ̀ṣẹ̀ mi fún ayálégbé?"

"Ọjọ́ orí yín kọ́ lẹ fi ka tèmi fún wọn ni?"

Ó jáde. Inú bí i dé góńgó orí. Ọmọ wo ló ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn? Ó délé, ó jókòó síwájú àpótí tó ti dákẹ́, ó rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọ́kíìdì ti yọ òdòdó, aláwọ̀ funfun, ó ń dán yanran. Inú bí i sí òdòdó. Láti ọdún mẹ́ta tó ti ń fi omi ṣàn án, kò yọ nǹkan kan, àfi ìgbà tí kò sẹ́ni tó máa jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó gé gíláàsì kan, ó kán lódì. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó rí eyín tó kán lójú orun, ó sì jí.

Sátidé mọ́. Àwọn ayálégbé ti kó aṣọ jáde, omi ń dà nínú bàsíà. Ó dúró sórí àtẹ̀gùn, níbi tó dúró sí lọ́jọ́sí gan-an, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ gbọ́ o, gbogbo ilé!" Ohùn ìbínú náà ni, kò ní òmíràn. "Èmi ni mo pa àkèré mi! Gọ́ọ̀mù balùwẹ̀ ni mo fi lẹ àpótí, n kò kà á! Ọmọ mi kò fọ́n nǹkan kan! Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn!"

"Bàbá, a ti gbọ́," ni ẹnìkan wí láti ìdí ẹ̀rọ, "ẹ rọra, ẹ rántí ẹ̀jẹ̀ ríru."

"N kò ní rọra!"

Ìgbà náà ló rí i. Ọmọ rẹ̀ dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, báàgì tó gbé lọ lọ́jọ́sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti dé láti ìgbà tó pàtẹ́wọ́.

"Bàbá, tàkèré nìyẹn," ni ó wí. "Èyí tó kù ńkọ́?"

Bàbá Máfọwọ́kàn-án di irin àtẹ̀gùn mú. Ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, kò ràn án lọ́wọ́.

"Kò sí ọkọ tó lé e!" Ohùn rẹ̀ ha. "Kò sẹ́ni tó lé ọmọ mi! Èmi ni mo gbé ọkọ̀ lọ, èmi ni mo di ẹrù rẹ̀, èmi ni mo ní kó máa bọ̀! Ilé rẹ̀ nìyí! Ẹni tó bá pè é ní ẹni tí ọkọ lé, òpùrọ́ ni, èmi sì ni òpùrọ́ àkọ́kọ́!"

Ọmọ rẹ̀ wo ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn.

"Ìyá tó ń gbé ẹ̀yìn kì í gbọ́rọ̀ dáadáa," ni ó wí. "Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, omi ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tó parí, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí báàgì náà kó bá a gbé e gòkè.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí.

Ó gbé e fúnra rẹ̀, ó sì ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, bàbá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn lọ́wọ́ òfo.